Àrọ̀ Kì í Sùn Lóru

Ará Àpáta ní Ìbàdàn tó bá fẹ́ pẹja lóru, Ẹlẹ́yẹlé ló máa kọrí sí, adágún tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀nà ní 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. (Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.) Àrọ̀ ni wọ́n ń wá. Òru ló ń jẹ̀. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló fi ń táràrà wá oúnjẹ nínú òkùnkùn, kò dúró de NEPA. Apẹja ní tiẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì àti ìwọ̀ dání, ẹ̀fọn ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹun. Bí àrọ̀ bá já bọ́ sórí ilẹ̀, kò ní kú kíákíá: ó ń mí afẹ́fẹ́, á rọra wọ́ padà sómi. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja kan tí àrọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ fi ń yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja kí wọ́n tó wọlé. Ẹlẹ́ja ti mọ̀ wọ́n: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ìwọ̀ há a lẹ́nu fún un yín?”