Wọ́n Fẹ́ Fárí Lẹ́yìn Olórí

Háà! Ẹ jẹ́ kí n mí ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n bá ní kí n ka ìlú tí irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, màá ti ka ogún kí n tó dárúkọ New York. Ìlú tó lówó lọ́wọ́, tó kàwé, tí agbẹjọ́rò kún inú rẹ̀ bámúbámú! Ibẹ̀ náà ni àwọn àgbààgbà tí ìlú fi ilé ìkàwé sí lọ́wọ́ ti jókòó, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò tú ìfun ilé náà dà sóde. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Wọn ò mọ̀ǹkan kan.

Ẹ má sọ pé ahéré lásán ni mò ń pariwo lé lórí o. Ilé ìkàwé tó wà ní Fifth Avenue, níbi tó ti pàdé òpópónà kejìlélógójì, ni mò ń wí. Ọdún 1911 ni wọ́n ṣí i, Taft tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Mábù funfun ni wọ́n fi kọ́ ọ, kìnnìún òkúta méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ Patience, èkejì ń jẹ́ Fortitude. Lókè pátápátá ni yàrá ìkàwé ńlá wà, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ wá gbọ́ àṣírí ilé: pẹpẹ ìwé ló gbé ilẹ̀ yàrá yẹn dúró. Ìpele méje pẹpẹ onírin ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ìwé. Kí ìjà yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá jókòó lókè, tó béèrè ìwé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e gòkè wá bá a. Irin yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ hú. Ẹni bá gbọ́ á rò pé àpótí ìjókòó ni.

Oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yọjú. Ètò wọn rèé. Ilé ìkàwé méjì mìíràn wà nítòsí: Mid-Manhattan, tó wà lódìkejì ọ̀nà gan-an, àti èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún sáyẹ́ǹsì àti okòwò, tó wà ní òpópónà kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn yóò ta méjèèjì, àwọn yóò hú pẹpẹ ìwé kúrò nínú ilé ńlá, àwọn yóò sì fi àwọn tó ń lo ilé méjèèjì síbẹ̀. Ìwé ńkọ́? Wọn ó kó wọn lọ sí New Jersey! Norman Foster, ayàwòrán ilé ará Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Owó tí wọ́n dá lé e ni 300 mílíọ̀nù dọ́là, ìjọba ìlú sì ṣèlérí 150 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Owó orí ará ìlú ni, kí ẹ má gbàgbé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún kan náà yẹn ni Stephen Schwarzman, olówó ilé iṣẹ́ Blackstone, tó tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ alámòójútó ilé ìkàwé náà, fi 100 mílíọ̀nù dọ́là tọrẹ. Ó ṣeun, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ gbogbo ilé náà ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sára mábù! Ẹnì kan á ní ṣé orúkọ àwọn olówó àtijọ́ kò sí níwájú ilé náà tẹ́lẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀: Astor, Lenox àti Tilden. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀ ní 1902. Òkú ni wọ́n yẹ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni tiwa yìí wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, ó sì lè bá ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan kó ka orúkọ ara rẹ̀. Èmi ò bínú owó o. Ìtìjú ni mo ní kò sí mọ́.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìwà náà ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà díẹ̀. Ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé yẹn ń jẹ́ Bryant Park, orúkọ akéwì àti olóòtú ìwé ìròyìn kan, William Cullen Bryant, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni akéwì yìí àti Thomas Cole tó jẹ́ ayàwòrán, Asher Durand sì ya àwòrán àwọn méjèèjì nínú igbó ní 1849. Ọmọ Bryant obìnrin ló fi àwòrán náà ta ilé ìkàwé lọ́rẹ. Ní 2005, wọ́n tà á. Wọn ò tà á ní gbangba o. Inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni àwọn olówó ti dá iye tí wọ́n fẹ́ san. Alice Walton, ọmọ àwọn tó ni Walmart, ló rà á, iye tí gbogbo ayé ń dá lé e sì ni 35 mílíọ̀nù dọ́là. Orúkọ bàbá ṣì wà lára ọgbà lẹ́yìn ilé, àwòrán bàbá ti dé Arkansas. Ọmọ fi ẹ̀bùn síbẹ̀ ní ìrántí bàbá, àgbà ilé tà á nínú àpòòwé. Ẹ wo ojú àwọn èèyàn!

Èyí tó tẹ̀ lé e ló tún pa mí lẹ́nu mọ́. Ilé ìkàwé Donnell wà ní òpópónà kẹtàléláàádọ́ta láti 1955, òdìkejì ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé gan-an. Ibi tí ọmọdé ń lọ, tí àgbà ń lọ. Ní 2007, wọ́n ta ibẹ̀ fún àwọn onílé ìtura ní 59 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n ní ilé ìkàwé tuntun yóò wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 2008. Ètò owó ayé dojú rú, iṣẹ́ dúró, àdúgbò náà wà láìní ilé ìkàwé títí di 2016. Èyí tí wọ́n wá ṣí kò tó ìdá mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Ẹ mọ iye tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ibùgbé tó wà lórí téńté hòtẹ́ẹ̀lì náà mú wá? 60 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé ẹnì kan ṣoṣo, ó wọ́n ju odidi ilé ìkàwé tí wọ́n tà lọ! Kí ẹni tó ṣe irú ọjà yìí tún padà wá sọ́dọ̀ ará ìlú ní 2008 pé òun fẹ́ ta méjì sí i, ojú ẹni náà gbó.

Síbẹ̀, ariwo ò tíì sọ. Ètò ilé ńlá náà rọlẹ̀ nítorí owó, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Ìparí 2011 ni oníròyìn kan, Scott Sherman, tú u síta nínú ìwé ìròyìn The Nation. Àwọn tó ń kàwé nínú ilé yẹn fún ọdún gbọọrọ wá ń wo ara wọn lójú: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ kó ìwé kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa? Ní 2012, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn onímọ̀ àti òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Mario Vargas Llosa, tó gba ẹ̀bùn Nobel, wà lára wọn. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni tọkọtaya kan fi 8 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n lè fẹ ààyè ìkówèésí abẹ́ ilẹ̀ Bryant Park, kí ọ̀pọ̀ ìwé má baà lọ sí New Jersey mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ààyè wà lábẹ́ ọgbà láti ọjọ́ yìí, ariwo ni wọ́n ń dúró de kí wọ́n tó rántí rẹ̀.

Oṣù kejìlá 2012 ni wọ́n gbé àwòrán Foster jáde. Màmá kan wà, Ada Louise Huxtable, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ṣíṣe lámèyítọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún ni màmá yìí. Lóṣù kan náà, ó jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú Wall Street Journal, ó fọ́ ètò náà sí wẹ́wẹ́, ó ní ẹnìkan kì í sọ àgbà iṣẹ́ ọnà di ti ìgbàlódé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹni tó yẹ kó máa jókòó gbádùn ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló ní láti lo agbára ìkẹyìn rẹ̀ láti sọ ohun tí odindi ìgbìmọ̀ olówó kò sọ fún ara wọn. Ojú tì mí fún wọn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kò sí òfin ni. Òfin wà. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ilé ìrántí ìlú jókòó lé e ní oṣù kìn-ín-ní 2013, wọ́n wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ara ilé lóde, wọ́n fọwọ́ sí i. Pẹpẹ ìwé ńkọ́? Inú ni ìyẹn wà, kò sì sí lára ibi tí òfin dáàbò bò. Kódà yàrá ìkàwé ńlá tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀, 2017 ni wọ́n tó fi òfin dáàbò bo inú rẹ̀. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ní oṣù keje 2013. Àwọn alámòójútó ò tilẹ̀ dúró de ìdájọ́ o: kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kó ìwé kúrò lórí pẹpẹ, irin nìkan ló kù. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn yìí ti bomi sí orí, wọ́n ti pọ́n abẹ.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ojúsàájú, n ó sọ ti apá kejì. Àwọn alámòójútó ní Mid-Manhattan ti bàjẹ́, àti pé àwọn tó ń lò ó, akẹ́kọ̀ọ́, àtìpó tó ń kọ́ èdè, ẹni tó ń wá iṣẹ́, yẹ kí àwọn náà jókòó láàárín mábù. Ta ló máa jiyàn èyí? Wọ́n sì fẹ̀sùn kan àwọn alátakò pé ìgbéraga ló ń dà wọ́n láàmú. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nínú ohun tí àwọn kan kọ, ẹ ó rí imú tí wọ́n ń yín: èrò yóò pọ̀, ariwo yóò pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún ilé gbogbogbòò, ará ìlú tún ń rùn sí yín? Nígbà tí ẹ fi ń bú ara yín lórí mábù, ilé ìkàwé kéékèèké ní Manhattan, Staten Island àti Bronx, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ń retí àtúnṣe. Ẹyọ ìwé ẹ̀hónú kan tó fi tiwọn ṣáájú, mi ò rí i.

Òṣèlú ló wá parí ìjà. Bill de Blasio, tó ń du ipò olórí ìlú, dúró síwájú ilé náà ní oṣù keje 2013, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó wọlé. Oṣù karùn-ún 2014, ilé ìkàwé kéde pé àwọn ti jáwọ́. Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n sọ: owó. Nígbà tí ẹlòmíràn bá wọn ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní 300 mílíọ̀nù ti lé ní 500 mílíọ̀nù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń sọ fún ìlú pé ìṣirò pé! Oṣù kan náà, lóru, òdòdó aláwọ̀ wúrà kan já bọ́ láti àjà yàrá ìkàwé ńlá. Kò sẹ́ni tó fara pa, wọ́n sì ti yàrá náà títí di oṣù kẹwàá 2016. Mi ò sọ pé àmì ni. Mo kàn ní kí ẹ mọ ọjọ́ tó já.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Kí ni wọ́n wá ṣe sí Mid-Manhattan tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́? Wọ́n tún un ṣe! Síbi tó wà gan-an, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Stavros Niarchos tó fi 55 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀. Ó jẹ 200 mílíọ̀nù, wọ́n ṣí i ní 2021, àwọn èèyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ohun tí ará ìlú ní kí wọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì ná tó ìdajì ohun tí èkejì ìbá ná. Pẹpẹ onírin ìpele méje ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjà parí, ó ṣì wà lófìfo, kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó kó wọn jáde mọ̀ọ́ kó, kíkó wọn wọlé ló ṣòro.

Wọn á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n dáná sí i? Àtúnṣe ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kódà híhú pẹpẹ lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pe ìpàdé gbangba ní 2007, kí wọ́n gbé ìṣirò owó sílẹ̀ kí gbogbo ojú rí i, ì bá má sí ìwé ẹ̀hónú, ì bá má sí kóòtù, ìwé ì bá sì wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sáláṣí, ti gbọ̀ngàn ìlú, ẹ má fi New York rẹ́rìn-ín jù. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún yín, wọn ò fún yín nílé.