Baba Ńlá Tí Ó Ń Sá fún Ìwé

Ẹni tí ó bá ní òun yóò tọ ipasẹ̀ baba ńlá òun ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, kí ó mú sùúrù dání. Nítorí láti ọdún 1855, tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí a máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ọ̀nà là gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run ni ìwé wà, òmíràn ti sọnù, a kò sì kọ òmíràn rárá. Ní 1783, ìjọba bu tọ́rọ́ lé orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ sínú ìwé ìrìbọmi; baba ńlá wa, ọlọ́gbọ́n ènìyàn, wo tọ́rọ́, ó wo ọmọ, ó sì gbà pé ọmọ yóò dàgbà láìsí ìwé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Skọ́tlándì dì í mú ju àwa tí a pa òwe náà lọ, nítorí orúkọ baba baba ni àṣà wọn fi ń jíǹkí àkọ́bí ọkùnrin, tó bẹ́ẹ̀ tí John mẹ́rin, ọmọ ọmọ baba kan ṣoṣo, fi lè máa jẹ́ ìpè kan náà lábúlé kan. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ ìdílé MacGregor, orúkọ rẹ̀ di oríkì tí a kò gbọdọ̀ kì: òfin 1603 ní ikú ni fún ẹni tí ó bá ń jẹ́ ẹ, òmíràn di Grant, òmíràn di Murray, títí wọ́n fi tú orúkọ náà sílẹ̀ pátápátá ní 1774.

Ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ agbowó òde àti ìránṣẹ́ ọba, ṣé ọmọ ọmọ ni yóò wá mú un?