Bàbá Kékeré Máàkì Bíà Mi

Agbádá funfun tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wọ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì funfun padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó wọn sọ fún mi lórí fóònù pé àbàwọ́n náà ń rùn bí ewé tí òjò pa mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé òórùn hops nìyẹn, pé àwọn èèyàn ń sanwó gọbọi ní Lọ́ńdọ́nù kí wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀. Mo rántí iye tí wọ́n ra léèsì náà, mo panu mọ́.

Agolo méjì péré ni mo gbé wálé fún ìdúpẹ́ ìrántí ọdún kan bàbá mi. Pilsner ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pilsner ọmọdé. Ìdá 5 nínú 100 ni ọtí inú pilsner sábà máa ń jẹ́, tàbí kó dín díẹ̀, 7.5 ni tèyí. Abẹ́ afárá rélùwéè ní Bermondsey ni wọ́n ti pọn ọ́n, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onírùngbọ̀n ti ń pọntí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń se ọbẹ̀ àlejò. Wọ́n wá da hops sí i bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí i. Fún ẹni tí kò mọ hops, ìtàkùn kan ni tó ń gun òpó bí iṣu ṣe ń gun igi nínú oko wa. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń ká sínú bíà kó lè korò, kó má sì tètè kan. Wọ́n ń gbìn ín dáadáa ní Hallertau ní Jámánì àti ní Žatec ní orílẹ̀-èdè Czech. Ilẹ̀ Czech yẹn náà, ní ìlú Plzeň, ni Josef Groll, ọmọ Bavaria, ti pọn pilsner àkọ́kọ́ lọ́dún 1842. Star tí wọ́n ń pọn ní Èkó láti 1949 àti Trophy tí wọ́n ń pọn ní Ìlẹ́ṣà láti 1978, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n, àfi pé àwọn tiwa kì í fẹ́ kó korò jù.

Àwọn agolo méjèèjì kò mọ̀ pé ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó wà láyé. Láti Heathrow dé Ìkẹjà, wọ́n sùn sínú ṣòkòtò jíǹsì mi bí ọmọ tuntun. Láti Àkúrẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́ ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jó. Awakọ̀ wa ń yẹ kòtò kan, ó ń bọ́ sínú òmíràn, ó sì ń bá wa tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ẹ. Oòrùn ọ̀sán sì wà lórí búùtù ní gbogbo àkókò yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti uyán, a kọjá sí ilé ọtí kan ní Àjìlọ́sùn: Bàbá Kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, àti èmi. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí Bàbá Kékeré jẹ́. Tíṣà Ágíríkì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bíírò pupa kò sì kúrò lápò wọn títí dòní. Ẹ̀yin náà mọ Èkìtì: ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n á ní tíṣà, tíṣà náà á sì máa rìn bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo gbé agolo kan sórí tábìlì, mo gbé gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tì í, mo wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó mu ú.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn bi mí.

Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Nílé wa, ohun tí a bá fura sí la ń gbóòórùn: ọbẹ̀ àná, ẹran tí iná NEPA ti kọ̀ sílẹ̀. Ta ló ń run imú sí ọtí tó fi owó ara rẹ̀ rà?

Mo fa etí agolo.

Ó dún bí ìbọn ọdẹ. Ọtí fò dé àjà, ó kan fáànù, fáànù pín in káàkiri. Ìfófòó bo àwo àsun. Adìẹ tó ń ṣa eegun lábẹ́ tábìlì fò jáde gba ojú fèrèsé. Ìyá ọlọ́tí pariwo "Jésù!", ó di ọmọge tó ń gbé àwo bọ̀ mú. Ìdajì ohun tó fò jáde, àyà Bàbá Kékeré ló gbà á, láti ọrùn agbádá dé ìkùn.

Wọn ò dìde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, wọ́n lá ètè wọn, wọ́n ronú díẹ̀.

"Ó korò."

Bí ìtọ́wò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìwé máàkì tó wà lórí fóònù mi hàn wọ́n, èyí tí àwọn adájọ́ bíà ní Amẹ́ríkà ń lò. Àádọ́ta ni gbogbo rẹ̀: òórùn 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, èrò lápapọ̀ 10. Ojú wọn là. Wọ́n ní kí Ìyá ọlọ́tí ya ewé kan nínú ìwé gbèsè, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n yọ bíírò pupa. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ìwé náà jà.

"Ta ló fi 3 sí ìrísí? Ṣé àwọn wọ̀nyí kì í wo ohun tí wọ́n ń mu ni?"

Kí wọ́n tó fẹnu kan èyí tó ṣẹ́ kù nínú agolo, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi. "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yín mà gbé àgbo ibà dé láti ìlú òyìnbó o." Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀fun mi wá dí.

Torí pé mo ti máàkì ọtí yẹn rí. Ní Bermondsey, èmi àti àwọn mẹ́fà kan jọ ń jókòó ti tábìlì kan ní Sátidé. A máa ń jiyàn lórí òórùn koríko, òórùn búrẹ́dì, òórùn èèpo òroǹbó. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ọmọ ta ni mí. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú, mo ṣì lọ síbẹ̀, torí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Wọ́n ní ọtí ọjọ́ náà wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fún un ní 41.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹkún ilé ni mo ń sun. Ibi tí mo ti ń ronú yìí, àwọn èèyàn ti ń fa àga mọ́ wa. Ẹni mẹ́rin la wọlé. Nígbà tí Ìyá ọlọ́tí ń ka ìgò, a ti di mọ́kànlá, Trophy sì ti di méjìlélógún. Àwọn tí n kò rí ojú wọn rí ń ké pé "Gbé Honourable kan sí i!" (Trophy náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), wọ́n ń nàka sí mi. Ní Lọ́ńdọ́nù, bí mo bá ra tìrẹ lónìí, wàá ra tèmi kó tó di alẹ́. Ní Adó, ẹni tó bá wọ bàtà kànfáàsì funfun ló ń san. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí ní iye tí mo ra agolo náà. Mo ní pọ́n-ùn méje. Ó ṣírò rẹ̀ sí náírà, ilé ọtí sì dákẹ́ wẹ́lo.

Bàbá Kékeré ń máàkì lọ ní tiwọn. Mo ní báálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, kò ní àdàlù. Wọ́n wò mí bí ọmọ tí kò ka ìwé wá sí kíláàsì. Wọ́n ní lọ́dún 1988 tí òfin dá báálì òkèèrè dúró, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí wa yíjú sí, a sì mu ún, kò sẹ́ni tó ní ó ń rùn bí koríko.

Èsì dé. Òórùn, 5: "Ewúro tí a kò fọ̀." Ìrísí, 3 nínú 3, torí pé ìfófòó rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì dúró. Adùn, 6: "Ó korò lẹ́nu, ó tún korò lẹ́yìn tí a gbé e mì." Bó ṣe rí lẹ́nu, 4. Èrò lápapọ̀, 1.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Lójú Bàbá Kékeré, ogún ni wọ́n fi ń yege. Mo bẹ̀ wọ́n fún máàkì kan ṣoṣo. Wọ́n wo agbádá wọn, wọ́n wò mí, wọ́n fi bíírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ 19.

Agolo kejì ṣì wà nínú fíríìjì wọn. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ agbádá yín sílẹ̀.