Àlejò Ló Ń Fi Ìlú Mi Hàn Mí

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ ni mo wá rò. Àbúrò ìyàwó mi ni mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀ fún yín, kí ẹ má sì jẹ́ kó dé etí ìyàwó mi.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ìdí-Arẹrẹ ni wọ́n bí mi sí, Òkè-Àdó ni mo sì ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Bí ẹ bá di ojú mi, tí ẹ jù mí sínú takisí Micra ní Mọ́lẹ́tẹ̀, tí àwa méjì há sí iwájú bí wọ́n ṣe máa ń há wa, kòtò ojú títì nìkan á sọ ibi tí a dé fún mi. Mi ò mọ̀ pé mi ò mọ Ìbàdàn, àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin já àna mi yìí sílẹ̀ ní Mọ́níyà.

Ó ti pẹ́ tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti ṣètò tèmi sílẹ̀ kó tó dé: ká lọ sí Dùgbẹ̀, ká dúró níwájú Ilé Kòkó, kí n sọ fún un pé àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, pé 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ló kọ́ ọ. Ká ya fọ́tò, ká jẹ àmàlà, ká lọ sùn. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo àlejò nìyẹn, kò sì sí èyí tó fẹjọ́ mi sùn rí.

"Ẹ̀gbọ́n," bó ṣe wí nìyẹn, ìka rẹ̀ ti ń sáré lórí fóònù, "mi ò fẹ́ ibi tí gbogbo ayé ń lọ o. Ibi tí ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn gan-an fẹ́ràn ni kí ẹ mú mi lọ. Ibi tó pamọ́."

Ibi tó pamọ́! Ibi tó pamọ́ tí mo mọ̀ ní gbogbo Ìbàdàn ò ju abẹ́ tábìlì mi lọ, níbi tí mo máa ń kó aṣọ oníbàárà tí àdéhùn rẹ̀ ti yẹ̀ sí. Mo ní kó jẹ́ n ronú. Kò jẹ́ n ronú. Ó ti to gbogbo ibi tí a ó lọ sínú fóònù, láti orí 1 dé 14.

Láyípo la kọ́kọ́ lọ, ilé gogoro tó wà lórí Òkè Ààrẹ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kì í fi Láyípo júwe ilé, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n wò, mélòó nínú wọn ló ti gùn ún? A kì í gùn ún. Ká ṣáà ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó tó wa. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní a ó gùn ún dókè. Àtẹ̀gùn náà ń lọ́, ó ń yí bí okùn, orúnkún mi sì ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo láti ọdún tó kọjá. Òun ń gùn, ó ń sọ̀rọ̀: pé 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, pé torí Captain Bower ni, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní Ìbàdàn láti 1893, òun náà ló sì rọ̀jò ìbọn lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Mo dúró kí n lè mí. Mo tún dúró torí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òyìnbó kọ́ ilé gogoro, wọ́n fi sọrí ẹni tó yìnbọn sí Ọ̀yọ́. Àwọn bàbá wa gbójú sókè wo ilé náà, wọ́n wo àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n ní Láyípo ló ń jẹ́. Orúkọ òyìnbó náà ò jáde lẹ́nu aláṣọ òkè kan ní Ọjẹ́ títí dòní. Ẹ jẹ́ n yin àwọn bàbá wa díẹ̀ kí n tó máa bá ẹ̀dùn mi lọ.

Lókè, páànù tó ti dípatà ló lọ salalu yí wa ká, pupa ràì, kò lópin. Àna mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?" Mo na ọwọ́. Ó wo fóònù rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí i sí òdìkejì.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Alájì kan fi pè mí lórí fóònù. Àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Agbádá ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Sátidé ni ìnáwó. "Télọ̀, agbádá mi ńkọ́?" Mo ní, "Alájì, mo wà lórí ẹ̀ báyìí." Mi ò purọ́. Mo wà lórí Láyípo.

Ọjọ́ kejì ló jí mi ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí nítorí ẹyẹ. Mo ní ẹyẹ kí? Ó ní ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, pé *Malimbus ibadanensis* ni àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń pè é, pé kò sí níbòmíràn láyé àfi apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín, ó sì wà nínú igbó tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA dá sí lọ́nà Mọ́níyà. Ẹbí ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n bí ata. A lọ. A dúró títí ìrì fi rin ṣòkòtò mi dé itan. A rí ẹtù, a rí àparò, a gbọ́ ohùn tí kò lórúkọ. Èyí tó ń jẹ́ Ìbàdàn ò yọjú. Èmi ò dá a lẹ́bi: ọmọ ìlú ni, ó mọ̀ pé àlejò ló dé.

Mo ronú pé ó yẹ kí èmi náà ní ìtàn kan lọ́wọ́. Nígbà tí a dé Àgódi, mo tẹ́nu bọ omíyalé Ògùnpa, bí omi ṣe gbá ọgbà ẹranko ibẹ̀ lọ, tí ìyá wa sì ní kí a má jáde torí ẹranko tó lè rìn wọ àdúgbò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo ti wọ inú ìtàn náà dáadáa, mo ti gbé ọwọ́ sókè, ló bá ní, "31 oṣù kẹjọ, 1980, Ẹ̀gbọ́n." Mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ti pápá ìṣeré ló tún wá burú jù. Pápá ìṣeré Liberty, tí wọ́n ti fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni afẹ̀ṣẹ́jà wa, Dick Tiger, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní 10 oṣù kẹjọ 1963, ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé, tí Fullmer ò sì lè jáde mọ́ lẹ́yìn ìpele keje. Mo dákẹ́. Bàbá mi kò ṣíwọ́ sísọ ọ́ títí ó fi kú: "Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ tí wọ́n lu òyìnbó." A máa ń ṣẹ́jú síra wa ni. A rò pé ẹmu ló ń sọ̀rọ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi dúró lẹ́nu géètì yẹn, àna mi sì rò pé orúnkún ló tún ń dùn mí. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lórúkọ jẹ́ pátápátá, inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá wọn jáde fún àbúrò rẹ̀, ògbólógbòó ìró kan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Àna mi tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìbàdàndùn nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó dé orí iṣẹ́ mi! Mo ní, "Ṣé ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní Ìbàdàndùn? Mo ti rán an di búbà, mo ti rán an di dàńṣíkí, mo ti fi rán ìbòrí àga."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ mọ èyí sí?" Ó fi ìka lé àwọn ìlà gígùn tó dúró ṣánṣán.

"Ìlà ni."

"Èyí tó wà láàárín wọn ńkọ́?"

"Síbí ni. Síbí ta ni kò mọ̀?"

"Òpó gbọ̀ngàn Mápó ni àwọn ìlà yìí, Ẹ̀gbọ́n. Òpó àti síbí, òpó àti síbí."

Mo ní irọ́ ni. A wọkọ̀ lọ sí Mápó lọ́jọ́ náà gan-an, èmi ni mo sanwó, awakọ̀ ní kí a mú ṣéńjì wa dání. A dúró níwájú gbọ̀ngàn náà, tó ti wà lórí òkè yẹn láti 1929. Àna mi na ìró ìyá ìyàwó mi sókè lójú gbogbo ayé. Mo wo òpó, mo wo aṣọ. Mo tún wo òpó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi àlùmọ́ọ́gàjí gé gbọ̀ngàn Mápó sí méjì. Mo ti gé e sábẹ́ abíyá. Mo ti ṣẹ́ ẹ létí. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ni mo rán gbogbo òpó náà sí, tí mo gé síbí kù sí èjìká, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìtìjú yìí ló sún mi sí ohun tí mo ṣe. Mo ṣáà fẹ́ fi ohun kan hàn án tí kò sí nínú fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó padà, mo mú un gba ọ̀nà kọ́rọ́ lẹ́yìn ilé wa lọ sọ́dọ̀ ìyá oní-àmàlà. Kò ní pátákó. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ni. Àmàlà láti orí iná, gbẹ̀gìrì tó dán bí epo pupa, ewédú tó ń fà yọ̀ọ̀, ògúnfe tí eyín ò bá ṣe wàhálà. Ogún ọdún ni mo ti ń jókòó sí igun bẹ́ǹṣì kejì. Àna mi jẹun, ó lá ọwọ́, ó fi ọwọ́ òsì nu omijé, ó yọ fóònù jáde. Mo rí i tó ń ya fọ́tò, tó ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò sọ nǹkan kan. Inú mi ń dùn, ẹ ò rí i? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, jíìpù mẹ́ta tí nọ́ńbà Èkó wà lára wọn ló dí ọ̀nà kọ́rọ́ wa pa. Àwọn ọmọge ń ya fọ́tò abọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ògúnfe ń tán kí aago méjìlá tó lù. Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo lọ jókòó sí igun mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ní, "Bàbá, a ti wà lórí ìlà o." Mo wo ojú ìyá oní-àmàlà. Ogún ọdún! Ó ju síbí ọbẹ̀ sókè díẹ̀, ó ní, "Bàbá télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò sẹ́yìn wọn."

Mo tò.

Lánàá ni àna mi pè. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun márùn-ún ń bọ̀ ní Kérésì, kí n bá wọn wá ibi mìíràn tó pamọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Má yọnu, Bàbá Ìbejì á mú yín lọ. Wọ́n mọ ìlú yìí gan-an." Ẹ̀gún ò lè gún mi kí n sọ èyí tó kù tí mo mọ̀.

Alájì, bí ìwé yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́: mo mọ̀ pé ìnáwó ti kọjá, mo sì gbọ́ pé agbádá tí ẹ yá wọ̀ bá yín mu. Tiyín ti jáde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ wá lọ́jọ́bọ̀.