Ewúrẹ́ Akọ̀wé àti Ẹjọ́ Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò dá lórí ọmọ aráyé. Ó dá lórí Kìnnìún ọba, Ajá ọmọọṣẹ́ rẹ̀, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ọlọ́mọ kan ṣoṣo, àti Ewúrẹ́ akọ̀wé ààfin. Bí ẹ bá rí ẹni tó jọ ẹni tí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má bi mí. Ẹranko ni mo ń sọ.

Inú igbó IITA ni gbogbo wọn ń gbé, láàárín Òjóò àti Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣu àti ẹ̀gẹ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n sì dá apá kan ilẹ̀ náà sí, wọn kò ro ó. Ọdẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn ẹranko wá rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìbọn. Wọn kò mọ̀ pé inú ilé ni ewu tó kù ti ń bọ̀.

Akátá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń jí adìẹ gbé lóru, ìlú ń ké. Kìnnìún bá ṣa Ajá méje jọ, ó sọ wọ́n ní Ajá Amúlè, ó ní kí wọ́n bọ́ agogo ọrùn wọn sílẹ̀, kí olè má baà mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ọgbọ́n ọmọ aráyé ló kọ́. Ní Èkó, lọ́dún 1992, bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ṣe dá ikọ̀ SARS sílẹ̀ láti dojú kọ adigunjalè, tí wọ́n ní kí wọ́n máa wọ aṣọ ilé ṣiṣẹ́.

Oṣù kan gbáko ni Ajá fi lé Akátá. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n ti mọ ara wọn. Nígbà tó di oṣù kẹta, Akátá ti ń san tirẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ń gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ọba ṣì fẹ́ rí olè. Ajá bá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá rí Ehoro tó ń sáré: “Kí ló ń lé ọ?” Bí kò bá sáré: “Ta lò ń dúró dè?” Bí wọ́n bá wá pàdé ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́: “Irú ìrù olówó ńlá wo nìyí? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ọmọ Yahoo ni ọ́!”

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àgọ́ wọn pé: BÉÈLÌ, Ọ̀FẸ́ NI. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá kà á, eegun mẹ́ta. Ẹni tó bá kà á tán tó sì fẹ́ jáde, eegun mẹ́wàá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bọ̀ láti Ṣáṣá, níbi tó ti lọ ṣa èkùrọ́ lẹ́bàá ọjà. Èkùrọ́ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, èkejì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ajá ní kó dúró. Ó dúró. Ajá ní kó sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kún, kò lè sọ̀rọ̀. Ajá ní ọta ìbọn ló kó sẹ́nu, ni wọ́n bá bù ú jẹ, ọmọ kú. Nígbà tí wọ́n ya ẹnu rẹ̀, èkùrọ́ ni wọ́n bá. Wọ́n kó o lọ, wọ́n ní ẹ̀rí ni.

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kò pariwo. Ó ní ọba wà nílùú. Ó gba ààfin lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, Ajá yín ti pa ọmọ mi.” Ẹ̀ṣọ́ ní ọba ń sùn. Ó padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó lọ kọ ọ́ wá. Ó kọ ọ́ sórí ewé, ó fi lé Ewúrẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́. Nígbà tó padà wá gba èsì, Ewúrẹ́ ní òun kò rí ìwé kankan, ó sì nu ẹnu. Ìyá tún kọ òmíràn. Ewúrẹ́ tún nu ẹnu. Nígbà tó kọ ẹ̀kẹta, ààfin kéde pé ọba ti gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ibi tí ìwé ń wọlé sí. Ewúrẹ́ ni alága.

Ni Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ bá bọ́ síta, ó forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é o:

Ẹ bá mi bi Kìnnìún o,
*Jànjálà!*
Kí lọmọ mi mú ní tiyín?
*Jànjálà!*
Èkùrọ́ méjì ló há sẹ́nu o,
*Jànjálà!*
Ajá ní ó ti dolè,
*Jànjálà!*
Ọba sùn, ẹ ò bá mi jí i?
*Jànjálà, oorun ọba mà jìn o, jànjálà!*

Ehoro gbè é, Ìgalà gbè é, Ọ̀bọ gbè é látorí igi. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, ẹnikẹ́ni kò ju òkò. Nígbà tó di alẹ́, ẹnì kan pa àtùpà ẹnu ọ̀nà. Ajá já wọ àárín wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹranko mẹ́ta kò dìde. Ààfin ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta náà ń ṣe bí ọba ni, wọ́n ń sùn.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, ọba kéde pé òun ti tú Ajá Amúlè ká. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn méje náà ti jáde padà, wọ́n dé fìlà tuntun, orúkọ wọn ti di Àgùntàn Ọba. Àmọ́ gbígbó ni wọ́n ń gbó.

Lékèélékèé, tó máa ń tẹ̀ lé màlúù wọ ọjà Àkìnyẹ́lé tó sì ń fò káàkiri, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àṣà àtijọ́ ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2020, mo wà lókè Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń wọ́de pé àwọn kò fẹ́ SARS mọ́. Lọ́jọ́ kejì, èrò wọ́ lọ sí ààfin Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, àwọn mìíràn tún kú. Ọjọ́ kejì yẹn náà ni Mohammed Adamu, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, sọ pé òun ti tú SARS ká. Nígbà tó di ọjọ́ 13, SWAT ti dé láti rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré! Èmi tí mo jẹ́ ẹyẹ, n kì í tètè pààrọ̀ ìyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 20, ṣọ́jà yìnbọn ní tóòlù-géètì Lẹ́kí. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná wá gbilẹ̀: àgọ́ ọlọ́pàá jó, bọ́ọ̀sì BRT jó ní Ọyìngbò.”

Lóru ọjọ́ náà, àwọn ẹranko pé jọ sábẹ́ igi ìrókò. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀ níná. Àdàbà ní kí wọ́n kọ ìwé kẹrin. Gbogbo ilé hó.

Òkété bá dìde. Ó ní, “Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ihò sábẹ́ ògiri ẹ̀wọ̀n Agodi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ti Àgbẹ̀kòyà. Kòkó kò mówó wọlé mọ́, owó orí ń ga sí i, àwọn agbowó orí ń fìyà jẹ àgbẹ̀ lábúlé. Àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọ́n lọ sí Mapó lóṣù kọkànlá 1968, ìbọn ni ìjọba fi dá wọn lóhùn. Tàfá Adéoyè àtàwọn ará Àkánrán wá gbé ohùn wọn sókè: ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn ó san, ìyẹn ṣílè 30, kò gbọdọ̀ lé. Lóṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá wọn ní Àkánrán, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń béèrè, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn.”

Àdàbà bi í pé, “Ṣé ilẹ̀kùn Ṣọ̀ún náà wà lára rẹ̀? Ta ló pa ọba Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn ọdún 1969 yẹn kan náà?”

Òkété jókòó. Ó ní, “Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀.”

Ìgbín tó ń gbé lẹ́yìn ọjà tòmátì ní Ṣáṣá wá fà dé àárín agbo. “Èmi kò mọ ti owó orí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ni mo mọ̀. Lóṣù kejì 2021, tòmátì ló dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ìjà bẹ́, ẹnì kan kú. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ilé ń jó, ìsọ̀ ń jó, Yorùbá àti Hausa tó ti jọ ń ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́ ń sá fún ara wọn. Gómìnà Mákindé ti ọjà pa. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ jó kò fojú kan tòmátì náà rí.”

Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo wúkọ́. “Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sunkún, ẹ̀yin ń pìtàn! Ní tèmi, àpò mi ti wà ní sẹpẹ́. Ọkàn mi, mo ní ọkàn mi ti wà ní sẹpẹ́.”

Wọ́n dìde. Ẹfọ̀n fi ìwo já ilẹ̀kùn àgọ́ Ajá, wọ́n kó ọmọ Ehoro mọ́kànlá jáde, àwọn tí ìyá wọn kò rí eegun mẹ́wàá san. Ajá méjèèje gba igbó lọ, fìlà tuntun wà nílẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ rí èkùrọ́ méjì ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì, ó mú un. Ó ní, “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ dúró síwájú ọba.”

Ìjàpá kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ó kù o! Àká ọba ńkọ́?”

Wọ́n ṣí àká. Iṣu kún dé òrùlé. Wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára pé ti àwọn tí ebi ń pa lásìkò ọ̀dá ni. Ọ̀dá ti lọ, òjò ti dé, iṣu sì wà níbẹ̀. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé n kò sọ pé ẹranko ni? Ọ̀rọ̀ ẹrù ìrànwọ́ kòrónà tí wọ́n bá ní ilé ìkẹ́rùsí lóṣù kẹwàá 2020, èmi kò dá a.) Ẹni tébi ń pa mú iṣu kan, ó gbé e lọ sílé. Ìjàpá di àpò mẹ́ta. Ilẹ̀ ṣú, kò rí ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Ìsọ̀ Adìẹ wà nítòsí, níbi tó ti ń ta ẹyin. Ìjàpá finá sí i, kó lè ríran di ẹrù. Ìsọ̀ kan ran òmíràn, ọjà jó.

Èéfín dé ihò imú Kìnnìún, ọba jí.

Ó sáré jáde. “Háà! Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ kò ti wá sọ fún mi?” Ó kéde kónílé-ó-gbélé. Ó ka ìsọ̀ tó jó, ó ka ọgbà tó wó, ó ka iṣu tó lọ. Kò ka òkú. Ó wá gbé ìgbìmọ̀ dìde, ó fi Àgbọ̀nrín, adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ṣe alága, gẹ́gẹ́ bí Èkó ti fi Adájọ́ Doris Okuwobi ṣe alága tiwọn, èyí tó jábọ̀ lóṣù kọkànlá 2021.

Ìjàpá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìjòyè. Wọ́n ti fi í ṣe Olórí Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Ọjà.

Kìnnìún rojọ́ tirẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó ní ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ọ̀nà tó tọ́ wà. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn: “Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ọ̀nà tó tọ́, ẹ ń sùn. Iná dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ jí. Ta ló kọ́ wa ní èyí tí etí yín ń gbọ́?”

Agbo hó yèè. Ni Adìẹ bá dìde, ìyẹ́ rẹ̀ ti jó ní ẹ̀gbẹ́ kan. “Èmi ńkọ́, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́? Mo bá yín gbe orin lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ọmọ ta ni mo pa?”

Ariwo rọlẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “O kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìjàpá ló mú iná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa ló sápamọ́ sí, a kò sì yíjú wò ó.”

Àgbọ̀nrín lu tábìlì. “Ẹjọ́ méjì ló wà níwájú mi, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ẹni tó sun ìsọ̀ Adìẹ yóò tún un kọ́, yóò sì fi àpò iṣu mẹ́ta lé e. Ọba tó tú Ajá sílùú yóò dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ti àwọn mẹ́ta tí wọ́n ní wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó kọ́kọ́ dé ààfin la ó kọ́kọ́ gbọ́. Ọba tó bá fò ó, kò lẹ́nu tí yóò fi dá èkejì.”

Kìnnìún rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ìwé ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn dà?”

Gbogbo ojú yí sí Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ fẹ́ nu ẹnu, Àgbọ̀nrín di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìwọ lo jẹ ẹ́, ìwọ ni wàá pọ̀ ọ́. Ìjókòó sún síwájú títí ìwé yóò fi jáde.”

Ìdí rẹ̀ rè é tí ewúrẹ́ fi ń jẹ àpọ̀jẹ títí dòní. Bó bá jẹ ewé tán, á lọ jókòó síbi tútù, á máa pọ̀ ọ́ wá sẹ́nu, á máa rún un díẹ̀díẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wá. Ẹ lọ sí Ṣáṣá lọ́sàn-án, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ata. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i báyìí, á tún gbé e mì.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ọba tí kò bá fẹ́ iná, kó má fi ìwé ẹ̀sùn bọ́ ewúrẹ́. Ẹni tí inú bá sì ń bí, tó ń lọ kan ilẹ̀kùn ìkà, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan gbé àpò dání.

Ìdí àlọ́ mi rè é gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: Pó! Pó! Pó!