Olùgbàlà Ayé Ń Já Kábéèjì

Nínú Skyrim, eré kọ̀ǹpútà tí Bethesda gbé jáde lọ́dún 2011, dírágónì kan tó ń jẹ́ Alduin ti dé láti jẹ ayé run. Akọni kan ṣoṣo ló lè dá a dúró. Ẹ wá wo akọni: ó ń já kábéèjì lóko olóko, ó ń lé labalábá, ó ń fẹ́yàwó. Nígbà tí àfikún eré náà dé lọ́dún 2012, ó tún ra ilẹ̀, ó kọ́lé, ó gba ọmọ tọ́. Alduin ò bínú. Onísùúrù ẹranko ni.

Ti garawa ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bí akọni bá fẹ́ jalè, á dé garawa bo ọlọ́jà lórí. Ọlọ́jà ò ní pariwo, kò ní ṣí i kúrò. Ojú rẹ̀ kúkú ti bò, ta ló rí olè? Àwọn tó ṣẹ̀dá ayé yìí to ọba, òrìṣà àti ogun ayé àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ, garawa ló sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ti Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tó dáyé lọ́dún 1974, yàtọ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń darí ìtàn níbẹ̀, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ má dán garawa wò lọ́dọ̀ tiẹ̀ o.