Gbọ́tèmi Gbé Fìlà Alága

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ nígbà tí ojú ṣì ń tì mí. Mo ra ajá kan, mo sọ ọ́ ní Gbọ́tèmi. Nígbà tó wà ní ọmọ oṣù mẹ́rin, mo ní “jókòó”, ó jókòó. Mo ní “wá”, ó ti dé ẹsẹ̀ mi. Mo wá ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò. Ó di oṣù mẹ́jọ, etí di. Bí mo bá pè é, á wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó rí agbowó-orí, á sì gba ibi tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn onílé ń ṣèpàdé níwájú ilé alága wa. Èmi ni mo gbàgbé láti ti géètì. Ooru mú, alága bọ́ fìlà àrán rẹ̀ lé tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń ka owó tiransifọ́mà lọ́wọ́, Gbọ́tèmi gba abẹ́ tábìlì yọ, ó gbé fìlà, ó sá.

Mo sá tẹ̀ lé e, tèmi ti ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì. “Gbọ́tèmi! Gbọ́tèmi! Gbọ́tèmi o!” Àkọ̀wé ìpàdé ní kí n kọ́kọ́ nawọ́ sókè bí mo bá lọ́rọ̀ sọ. Ajá yìí á sáré, á dúró, á fàyà balẹ̀, á gbé ìdí sókè, ìrù á máa mì. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ọwọ́ mi kan fìlà báyìí, ó ti fò. Ẹnìkan bá pariwo, “Dìgbòlugi!” Kíá, àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ti gorí bẹ́ǹṣì. Bí mo ṣe ń kígbe “Ó ti gba abẹ́rẹ́! Ó ti gba abẹ́rẹ́!” ni ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo balẹ̀ sínú gọ́tà gbàgà.

Ọmọbìnrin kékeré tó ń kiri pọ̀nmọ́ ló gbà wá. Ó mú pọ̀nmọ́ kan dání, ó ní, “Jókòó.” Gbọ́tèmi jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní, “Jù ú sílẹ̀.” Ó jù ú sílẹ̀. Ajá tí mò ń fowó mi bọ́!

Nígbà tí mo ròyìn fún dókítà ẹran, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ajá ń bàlágà ni. Láti bí oṣù mẹ́fà títí dé ọdún kan àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ya pòkíì. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Newcastle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Biology Letters pé ajá olóṣù mẹ́jọ kì í tètè jókòó tó bá jẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọ ló ní kó jókòó, ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ ọ́, á tètè jókòó. Ajá tí wọ́n ń tọ́ láti máa fọ̀nà han afọ́jú ni wọ́n fi dán an wò o! Lílé tí mo lé e gan-an ló sì bà á jẹ́ pátápátá: lójú ajá, ẹni tó ń lé e ti gbà láti bá a ṣeré nìyẹn. Ńṣe ni kéèyàn kẹ̀yìn sí i, kó sá lọ sápá ibòmíràn, tàbí kó fi ohun tó dùn ju fìlà pààrọ̀.

Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn onímọ̀ràn. “Ẹ là á lẹ́gba.” “Ẹ fún un ní ata.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí! Ajá tí wọ́n ń nà torí ohun tó gbé, kíkọ́ ló máa kọ́ láti gbé e mì kí ẹ tó dé, tàbí kó ge yín jẹ. Ẹni tó tà á fún mi náà ńkọ́, tó búra pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí eyín ò tíì pé lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ! Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra lo eyín. Olè ni.

Mo san owó fìlà. Mo tún san owó ìtanràn, torí wọ́n ní mo da ìpàdé rú. Láàárọ̀ yìí, Gbọ́tèmi gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan. Mo ṣe bí dókítà ṣe wí: mo kẹ̀yìn sí i, mo ki eré mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi lóòótọ́, tòun ti bàtà. Alága wà lójú fèrèsé, ó rí mi bí mo ṣe ń sá fún ajá ara mi, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.